Abẹ́rẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Lin àti Ẹnu Bàbá Yẹmí

Ọjọ́rú, 10 Júùnù 1987
Òjò láti ìdájí. Mi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Múyìwá, àbúrò Bàbá Yẹmí tó fẹ́ mi, dé láti Aba lánàá. Lójú rẹ̀, Ọkọ mi ni mò ń pè é, bí wọ́n ṣe kọ́ mi kí n tó wọ ilé wọn. Nínú ìwé yìí, Múyìwá ni. Ó jẹ ẹ̀bà méjì kó tó sọ ohun tó gbé e wá. Ó ní àwọn àgbà ilé ti pàdé ní Ìkìrun. Wọ́n ní tí ẹ̀gbọ́n òun kò bá tíì lè la ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó fẹ́ títí Ọ́gọ́ọ̀sì fi máa parí, àwọn á wá gbé e lọ sílé.

"Ìyàwó wa, ẹni tí kò lẹ́nu kì í gbé àjò."

Mo ní ta ló máa tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀. Ó ní ilé kún fún èèyàn. Ilé tó kún fún èèyàn ni aláìsàn ti ń fi ebi sùn ní yàrá ẹ̀yìn, nítorí kálukú rò pé ẹlòmíì ti fún un lóúnjẹ. Mo sì rántí ilẹ̀ wa níbí ní Rumuokwurushi, tí a ti fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ sí kí àrùn rọpárọsẹ̀ yìí tó gba ẹnu Bàbá Yẹmí ní Máàṣì. Ẹni tó bá gbé e lọ, ó gbé àtàǹpàkò tí yóò tẹ ìwé ilẹ̀ lọ pẹ̀lú.

Mo bu ọbẹ̀ kún ọbẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 11 Júùnù
Dókítà ọsibítù ti ní kí n máa kọ́ ọ bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Mo gbé àga síwájú rẹ̀, mo gbé kọ́ọ̀pù sókè. "Kí ni èyí?" Kò dáhùn. Mo gbé ṣíbí. Kò dáhùn. Mo fi ọwọ́ lu àyà mi. "Ta ni mí? Hannah. Sọ ọ́. Han-nah." Ó wò mí bó ṣe máa ń wo èrò tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì nígbà tó ṣì jẹ́ gáàdì rélùwéè, ó sì kọjú sí ògiri.

Níkẹ́ ọmọ wa jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gẹ́. "Mama, leave am na. Papa no be pikin."

Mo ní kó gbájú mọ́ ẹ̀gẹ́ tó ń bó.

Ọkàn mi ń sọ fún mi pé ó lè sọ ọ́. Tí mo bá tú béèlì aṣọ òkíríkà tí mò ń tà, mi ò kí ń wo kọ́là ọrùn wọn. Kọ́là ni gbogbo ayé ń fọ̀. Abẹ́ apá ni mo máa ń wò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Júùnù
Obìnrin Kalabari kan wá ra kóòtù funfun méjì lọ́wọ́ mi lánàá ní ọjà Mile 3, ọ̀kan fún òun, ọ̀kan fún ọ̀gá òun. Ibiere ni orúkọ rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni. Ọ̀gá rẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Lin, ará Ṣáínà tó ń fi abẹ́rẹ́ wo àrùn ní àdúgbò D-Line. Ó ní àwọn tí apá wọn rọ ti gbé e padà níbẹ̀. Mo ní kí ló dé tí wọn ò tíì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn. Ó ní, "Madam, come see am first."

A lọ lónìí. Tákísì gbà ₦3 nítorí pé wọ́n rí aláìsàn. Lin pè é ní ₦12 lójúmọ́. Mo ní ₦9. Ó gbà kíákíá. Ẹni tó bá gbà kíákíá, ₦6 ló yẹ kí n sọ.

Abẹ́rẹ́ náà tín-ín-rín bí irun ológbò. Ó ń gún un sí apá, sí ẹsẹ̀, sí etí pàápàá. Mò ń ka èyí tó ń wọlé kí n lè ka èyí tó máa jáde. Lin rí mi, ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò yé mi, Ibiere ló ń fi pidgin tú u, èmi ni mo fi Yorùbá kọ ọ́ síbí.

Ọkùnrin kan ra ajá kó máa ṣọ́ ilé. Nígbà tó yá ó ní ta ni yóò máa ṣọ́ ajá. Ó ra èkejì kó máa ṣọ́ àkọ́kọ́, ó ra ẹ̀kẹta kó máa ṣọ́ èkejì. Ajá kún yàrá títí kò fi sí ibi tí yóò sùn mọ́. Ó jáde síta, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣọ́ àwọn ajá. Olè kọjá, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ibiere rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Owó oúnjẹ ajá bẹ́ẹ̀ ti tó ra ilẹ̀kùn onírin. Lẹ́yìn náà, ta ló sọ ìṣe mi fún un? Mò ń ka abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ìtàn ajá.

Kò sì jẹ́ kí n mọ iye abẹ́rẹ́ tó jáde.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 Júùnù
Mílíìkì alágolo ti fi kọ́bọ̀ mẹ́wàá gun òkè. Mo fi àkàmu lásán fún un. Ó mu ún tán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30 Júùnù
Mo bi Lin pé ẹ̀sìn wo ló ń ṣe. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tipasẹ̀ abẹ́rẹ́ kó ọkọ mi wọ ohun tí wọn kì í sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní àwọn ìtàn òun ti ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ìlú àwọn láyé àtijọ́ wá, àwọn tó ń tẹ̀ lé ohun kan tí wọ́n ń pè ní Táò.

Ibiere ní, "E mean road, madam."

Mo ní ọ̀nà tó lọ síbo. Lin ronú díẹ̀. Ó ní kò lọ síbì kankan, àti pé ẹni tó bá ti ń béèrè ibi tó lọ, ó ti yà kúrò lórí rẹ̀. Tí awakọ̀ kan bá sọ irú ìyẹn fún mi ní Mile 3, màá bọ́ sílẹ̀.

Ilé ni mo dé kí n tó rántí pé Abíọ́nà ló wà lórí káàdì Bàbá Yẹmí. Ó ti rí káàdì náà kó tó sọ pé Ọ̀nà ni òun ń tẹ̀ lé. Òótọ́ ni pé Kalabari kò gbọ́ Yorùbá, ará Ṣáínà kò sì gbọ́ ọ. Mo ṣáà kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Júláì
Ẹsẹ̀ ọ̀tún ti ń gbọ̀n díẹ̀ tí wọ́n bá gún un. Ẹnu wà bó ṣe wà.

Ìtàn tòní: asẹ́ àti abọ́ jọ ń gbé. Asẹ́ ní ọlọ́gbọ́n ni òun, òun mọ èyí tó dára, òun sì mọ èyí tí kò dára. Abọ́ ní òun kò mọ nǹkan kan. Ọ̀dá dá. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni òjò rọ̀ lọ́dún náà, wọ́n gbé àwọn méjèèjì síta. Abọ́ kún. Asẹ́ ṣì ń yan èyí tó dára.

Mo ní kí Ibiere sọ fún un pé kó lọ mu ògì tí wọn ò sẹ́, kó wá padà wá bá mi sọ̀rọ̀. Lin rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mi ò gbà pé ó yé e. Ẹni tó ń gba ₦9 lọ́wọ́ èèyàn yóò rẹ́rìn-ín sí ohunkóhun.

Ṣùgbọ́n mo gbé ọ̀rọ̀ asẹ́ yẹn sùn. Mi ò mọ ìdí rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Júláì
Ọjọ́ burúkú. Mo tú béèlì tuntun, kóòtù òtútù onírun lọ́rùn ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ẹni tó ń ra béèlì kì í rí inú kó tó sanwó, bí iṣẹ́ wa ṣe rí nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó tà á fún mi ti wo ojú mi pẹ́ jù lọ́jọ́ yẹn. Ìyá tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Aunty, carry am go London." Gbogbo ọ̀wọ́ wa rẹ́rìn-ín.

Mo délé pẹ̀lú ìbínú, mo gbé àga, mo gbé kọ́ọ̀pù. "Kí ni èyí? Ọ́gọ́ọ̀sì ti dé tán o. Tí ẹ ò bá sọ̀rọ̀, wọ́n á gbé yín lọ. Ṣé ibẹ̀ lẹ fẹ́ kú sí? Kí ni èyí?" Ó fi ọwọ́ òsì gba kọ́ọ̀pù náà, ó sọ ọ́ mọ́ ògiri. Ẹnu kọ́ọ̀pù bó.

Mo gbé e padà sórí tábìlì. Owó òmíì kò sí.

Ọjọ́ Àìkú, 19 Júláì
Kí n kọ èyí dáadáa.

Lẹ́yìn ìsìn mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Níkẹ́ wà nínú yàrá pẹ̀lú bàbá rẹ̀, ó ń fi pidgin rẹ̀ rojọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fún un. Mo dúró sẹ́yìn kọ́tìnnì. Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ mọ̀ bóyá èmi nìkan ni kì í bá sọ̀rọ̀.

Níkẹ́ dìde, ó fi ẹsẹ̀ kọ àbáwọlé, ó ké. Mo sì gbọ́ ohùn ọkùnrin, kedere, "Pẹ̀lẹ́."

Mo ya wọlé. "Ẹ tún un sọ." Ẹnu rẹ̀ là, kò sí nǹkan kan. "Ẹ tún un sọ, Bàbá Yẹmí, mo gbọ́ ọ." Òógùn bò ó. Mo kọjú sí ọmọ. "Kí ló ti ń bá ẹ sọ látẹ̀yìnwá?"

"Mama, nothing. I swear. Na only pẹ̀lẹ́."

"Ìgbà mélòó?"

"Na today first."

Bàbá àti ọmọ ń wo ara wọn. Ó ní pẹ̀lẹ́ fún ọmọ. Èmi tí mò ń gbé e, tí mò ń wẹ̀ ẹ́, kò tíì ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kan fún mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 Júláì
Mi ò sọ ti "Pẹ̀lẹ́" yẹn fún Lin, mi ò sọ fún Ibiere. Ẹ jẹ́ kí n mọ ohun tí mo ní kí n tó tẹ́ ẹ síta.

Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan ní ọmọ pẹ́pẹ́yẹ tó fẹ́ràn gidigidi. Ó gbé e lọ sódò láti kọ́ ọ ní ìlúwẹ̀ẹ́. Ó di ikùn rẹ̀ mú, ó ń fà á lẹ́sẹ̀: ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Pẹ́pẹ́yẹ ń mumi, ó ń rì. Ọkùnrin náà sunkún, ó ní olódo ni Ọlọ́run fún òun. Ó rẹ̀ ẹ́, ó sùn lọ létí omi. Nígbà tó jí, pẹ́pẹ́yẹ ti wà ní òdìkejì odò, ó ń jẹ kòkòrò.

Mo wo ojú Lin, mo wo ojú Ibiere. Àbí Níkẹ́ ti wá síbí?

Mo bi Níkẹ́. Kò mọ D-Line.

Ọjọ́bọ̀, 23 Júláì
Pẹ́pẹ́yẹ. Kí ló kan gáàdì rélùwéè pẹ̀lú pẹ́pẹ́yẹ?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 Júláì
Òjò kò jẹ́ kí oníbàárà jáde. Mo jókòó láàárín àwọn kóòtù onírun, mò ń yan wọn, mo sì ń ro ó.

Kì í ṣe ibi tí wọ́n ń fi hàn ni aṣọ ti ń gbó. Ibi tí ara ti ń ṣiṣẹ́ láìrò tẹ́lẹ̀ ni. Pẹ̀lẹ́ ti ibẹ̀ wá. Kò ronú kó tó sọ ọ́, ẹsẹ̀ Níkẹ́ ló fà á jáde. Nígbà tí mo wá ní kó tún un sọ, mo ti di í níkùn mú.

Kí ni odò Bàbá Yẹmí, nígbà náà? Kí ló ń sọ láìrò ó?

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá Yẹmí." Nígbà míì kò tíì la ojú tán tí yóò ti máa dáhùn. "Káàárọ̀, Àkànkẹ́. Ṣé o jíire?" Láti Máàṣì, mi ò kí i mọ́. Kíkí ẹni tí kò ní dáhùn, lójú mi, dà bíi kí n máa da ọjà sí gọ́tà. Mo gbé àga, mo jókòó, mo di tíṣà. Hannah ni mò ń ní kó pè. Hannah, orúkọ orí káàdì ọsibítù. Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi. Mò ń fipá mú un pe obìnrin tí kò mọ̀.

Bóyá mo gba ìtàn ará Ṣáínà sọ́kàn jù. Ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ kò ná mi ní kọ́bọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 26 Júláì
Mo kúnlẹ̀. Mo kí i. Ó wò mí bí ẹni tó rí àlejò. Kò dáhùn.

Ọjọ́ Ajé, 27 Júláì
Mo kúnlẹ̀. Ètè rẹ̀ mì. Ó lè jẹ́ pé eṣinṣin ló bà lé e.

Ọjọ́rú, 29 Júláì
Orúnkún ń dùn mí, mi ò fẹ́ kúnlẹ̀ mọ́. NẸ́PÀ ti mú iná lọ, iṣu wà lórí sítóòfù, kẹrosíìnì ń tán lọ. Mo sáré wọlé láti mú ìṣáná, mo kan kúnlẹ̀ fìrì bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà tí ọjà bá ń pè mí. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá Yẹmí." Mo ti ń dìde.

"Káàárọ̀, Àkànkẹ́."

Ohùn náà há. Ohùn rẹ̀ ni.

Mi ò yíjú padà. Mo bẹ̀rù pé tí mo bá yíjú, màá di í níkùn mú. Mo ní, "Ẹ kú ojúmọ́ o," mo mú ìṣáná, mo lọ síbi iṣu mi. Ibẹ̀ ni mo ti jókòó sórí ìtìsẹ̀. Iṣu jóná nísàlẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Ọ́gọ́ọ̀sì
Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mò ń dán an wò.

Tí mo bá kí i, ó lè dáhùn. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú òjò, ẹ kú ìrọ́jú, mò ń jù wọ́n sí i bí mo ṣe ń kọjá, bí ẹni tí kò retí nǹkan kan. Ó dá ẹ kú òjò lóhùn lánàá, ó fi "òjò yìí pọ̀" kún un. Tí mo bá bi í léèrè, ó di òkúta. "Ṣé ẹ fẹ́ jẹun?" Òkúta. Ìbéèrè ni ń dí i lọ́nà.

Ó sì lè jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ló ń ṣiṣẹ́. Mi ò lè dá a dúró kí n fi mọ̀. ₦9 ni ti Lin, ẹnu ọkọ ni tèmi.

Ohun kan ló ń já mi láyà. Ìbéèrè ni Múyìwá ń bọ̀ wá bi í.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Ọ́gọ́ọ̀sì
Ó fi igi rìn dé ẹnu ọ̀nà Lin lónìí.

Mo wá bi Lin gbangba pé ta ló sọ fún un nípa ilé mi tó fi pa ìtàn pẹ́pẹ́yẹ. Ibiere tú u. Lin wo Ibiere, Ibiere wo Lin. Ọ̀rọ̀ gùn láàárín wọn.

Ibiere ní, "Madam, no vex. Na so e dey do all the people wey follow patient come. If una no get story, una go dey count needle, dey shout, patient body go dey strong. Na to make una look another side."

Mo ní, "So the duck no mean anything?"

Lin gbọ́ èyí fúnra rẹ̀. Ó gbé èjìká rẹ̀ sókè, ó ní pẹ́pẹ́yẹ lásán ni.

Mo jókòó síbẹ̀. Gbogbo oorun tí mo fi asẹ́ àti ajá pàdánù. Mo kọ́kọ́ ronú pé kí n ní kó dá ₦9 kan padà. Ẹ̀rín ló gbọ̀n mí. Ó tàn mí kí n lè wo ibòmíràn, ibòmíràn tí mo sì wò gan-an ni nǹkan wà.

Mo mú kóòtù onírun kan fún un. Wọ́n ní ìlú wọn tutù. Ibiere ní òun náà ńkọ́. Mo ta tirẹ̀ fún un ní ẹ̀dínwó.

Ọjọ́ Àìkú, 30 Ọ́gọ́ọ̀sì
Múyìwá dé ní ọ̀sán pẹ̀lú Pijó tó háyà, awakọ̀ dúró níta. Ó kí mi, ó kí Níkẹ́, ó kọjá lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni kọjá lára àga, ó jókòó.

"Ìyàwó wa, oṣù parí. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀." Ó gbé ohùn sókè bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ lọ sílé ni, àbí ẹ fẹ́ dúró síbí?"

Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í bo Bàbá Yẹmí. Ẹnu rẹ̀ ṣí, ó tún padé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dáhùn. Ilé àbí ibí?"

Òkúta. Omijé wà lójú rẹ̀. Múyìwá ní, "Ó ti tán. Níkẹ́, bá mi kó aṣọ bàbá ẹ."

Níkẹ́ kò dìde. "Uncle, I no go pack anything."

Mo ní, "Ọkọ mi, ẹ ò tíì kí i."

"Kí ta ni?"

"Ẹ̀gbọ́n yín. Láti Máàṣì tí ẹ ti ń wá, ẹ ò kí i rí. Ẹ kí i bí ẹ ṣe ń kí i tẹ́lẹ̀."

Ó wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ jẹ ẹ́ ní jìbìtì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìkíni kò ṣeé kọ̀ fún ọmọlúàbí. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ǹtì. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàsán o."

"Káàsán, Múyìwá. Kú ìrìn."

Múyìwá kò dìde. Ibẹ̀ ló wà lórí símẹ́ǹtì, èjìká rẹ̀ ń mì. Ẹkún rẹ̀ jọ òótọ́. Mo wo abẹ́ apá rẹ̀, kí n sọ bẹ́ẹ̀, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀ ju àbúrò tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè lórúkọ.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè ṣì wà nílẹ̀. Ó nu ojú, ó ní, "Ó ti ń sọ̀rọ̀! Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá sọ fún mi, ilé àbí—"

Mo gé ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. "Ẹ má bi í. Ẹ dágbére fún un, bí ẹni tó ń lọ. Ohun tó bá sọ, èmi náà máa gbà á."

Ohun tí mo ní ni mo fi lélẹ̀ yẹn, gbogbo rẹ̀, láìrí inú béèlì.

Múyìwá tún dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, mò ń lọ o. Ó dàbọ̀."

Òjò ń rọ̀ sórí páànù. Awakọ̀ fọn fèrè. Mi ò wo Bàbá Yẹmí, kọ́ọ̀pù tó bó lẹ́nu ni mò ń wò.

"Ó dàbọ̀," ni ó wí. Ó fi kún un, "Bá mi kí wọn nílé."

Mo ní, "Ẹ gbọ́. Ẹni tó ń lọ sílé kì í ránṣẹ́ kí ilé."

Múyìwá wò mí pẹ́. "Ìyàwó wa, ìwọ lo kọ́ ọ."

"Mi ò kọ́ ọ, Ọkọ mi. Kíkọ́ gan-an ni kò gbà."

Ó gbà. Ó ní òun á jẹ́ iṣẹ́ náà fún wọn ní Ìkìrun bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó ń wọ mọ́tò ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí koríko bo ìpìlẹ̀ Rumuokwurushi yẹn o." Mi ò tíì mọ apá ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn kọjú sí. Màá lọ wo ibẹ̀ ní Ọjọ́rú.

Ọjọ́ Ajé, 31 Ọ́gọ́ọ̀sì
Mo kúnlẹ̀, mo kí i, ó dáhùn, ó bi mí bóyá mo jíire.

Gbogbo àárọ̀ ni ọ̀rọ̀ àná ń yọ mí lẹ́nu. Ṣé ọkàn rẹ̀ ló fẹ́ dúró tì mí, àbí ahọ́n rẹ̀ kàn gba ọ̀nà tó mọ̀? Òun nìkan ni mo lè bi. Mo gbé àga síwájú rẹ̀, mo jókòó, mo la ẹnu.

Ó wo àga. Ó wo ojú mi.

Mo dìde, mo gbé àga náà padà sí ìdí tábìlì. Mo bu àkàmu sínú kọ́ọ̀pù, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ òsì rẹ̀, mi ò bi í pé kí ni. Ó gbé e, ó mu ún.